Gbèsè owó orí ọkọ àti ẹrù ìyàwó: ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní Àjàṣẹ́

Obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ń ta ẹja yìnyín ní ọjà Ouando, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin. Nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé iwájú mi ní ìparí 2022, ó ní fírísà ńlá mẹ́ta, ó ní ṣọ́ọ̀bù tó ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù, ó sì ní ilẹ̀ kan lọ́nà Adjarra tó fi owó àjọ rà ní 2017, kí òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tó pàdé rárá. Kì í jẹ gbèsè TPS, ìyẹn owó orí àwọn oníṣòwò tí ọjà wọn kò kọjá mílíọ̀nù 50 fráǹkì lọ́dún. Gbogbo ìwé ìsanwó rẹ̀ wà nínú àpò ọ̀rá kan tó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti ṣe ìdána, wọ́n sì ti mú ọjọ́ ní mairie, ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin. Ó ku nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí ọjọ́ náà pé kó tó mọ̀ pé ọkùnrin tí òun fẹ́ fẹ́ jẹ ìjọba ní 5,870,000 fráǹkì owó orí.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn oníṣòwò tọ́jú ìwé ìṣirò wọn. Bí ọ̀ràn bá di ti òfin gan-an, mo máa ń mú wọn lọ bá notaire (amòfin tó ń kọ ìwé àdéhùn tí òfin gbà) tàbí agbẹjọ́rò, n ó sì jókòó tì wọ́n kí n lè gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ. Àwọn méjèèjì gbà kí n kọ èyí sílẹ̀, wọ́n ní kí n ṣáà má dárúkọ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ni mo kọ ọ́ fún, pàápàá ẹ̀yin tí àwọn ẹbí kì í ránṣẹ́ sí àfi lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn bá ti gbà wọ́n nímọ̀ràn tán.

Ọkùnrin náà kì í ṣe oníjìbìtì. Símẹ́ǹtì, irin àti páànù ló ń tà fún àwọn tó ń kọ́lé, ó sì tún ń kó ọjà gba Ìgòlò kọjá sí Ìdìrókò. Ọjà rẹ̀ pọ̀ débi pé ó gbọ́dọ̀ máa gba TVA, ìyẹn owó orí tó wà lórí ọjà, lọ́wọ́ oníbàárà, ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá ta ọjà mílíọ̀nù kan, 180,000 tó gbà lé e kì í ṣe tirẹ̀. Ti ìjọba ni, ọwọ́ rẹ̀ ló kàn gbà kọjá. Èyí kì í rọrùn fún oníṣòwò láti gbà lọ́kàn, nítorí inú àpò kan náà ni owó méjèèjì ń bọ́ sí. Ní ogúnjọ́ oṣù Kẹjọ 2019, Nàìjíríà ti ibodè orí ilẹ̀ rẹ̀ pa. Ẹrù ọkùnrin yìí há sójú ọ̀nà, àwọn onímọ́tò ń bèèrè owó ìdúró lójoojúmọ́, ó sì ń fi owó TVA san án, ó ní òun yóò dá a padà bí ibodè bá ṣí. Ti Sẹ̀mẹ̀ kò ṣí títí di oṣù Kejìlá 2020. Ti Ìdìrókò di 2022. Kí ó tó di ìgbà náà, òwò ti kú.

Ó kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ó dá kọ́kọ́rọ́ padà fún onílé, ó lọ ń bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò lọ sọ fún ilé iṣẹ́ owó orí pé òun ti ṣíwọ́. Lójú ìwé tiwọn, ó ṣì ń tajà. Bí kò ṣe mú ìṣirò wá, wọ́n ń fojú díwọ̀n ohun tó yẹ kó san, ọdún kan lẹ́yìn òmíràn, ìtanràn sì ń gorí rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ la ti rí ojú ọ̀nà nígbà tó yá.

Kò sọ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù obìnrin náà ni lẹ́tà ìkìlọ̀ ti bá a. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tún àkọsílẹ̀ IFU rẹ̀ ṣe, nọ́ńbà oní-dígíìtì 13 tí owó orí fi ń mọ olúkúlùkù, kò ní ṣọ́ọ̀bù mọ́, ó bá fi àdírẹ́sì ìyàwó ọ̀la sílẹ̀. Ọmọṣẹ́ obìnrin náà ló gba lẹ́tà náà, òun náà ló kà á sókè láàárín àwọn oníbàárà, torí ọ̀gá rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ka Faransé. Ojú tì í. Ẹ̀rù náà bà á, nítorí orúkọ ọkọ ló wà lórí lẹ́tà, àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ló sì wà lábẹ́ orúkọ yẹn.

Wọ́n pe ìpàdé ẹbí. Àǹtí ìyàwó ní kí wọ́n dá ẹrù ìdána padà, kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Àbúrò bàbá rẹ̀ ní gbèsè ọkọ ni gbèsè ìyàwó, kí ó gbà á bí kádàrá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ló wá mú ìmọ̀ràn tó dùn ún gbọ́ jù wá: kí wọ́n kó gbogbo ohun tí àbúrò òun ní sórí orúkọ ìyàwó, ìjọba kò ní rí nǹkan kan gbà, wíwá gbèsè náà yóò sì sú wọn. Kí wọ́n tó wá sọ́dọ̀ mi, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí wọ́n ń pè ní bâchée, tí ọkùnrin náà fi ń kó símẹ́ǹtì nígbà kan, wọ́n ti yí carte grise rẹ̀, ìyẹn ìwé ọkọ̀, sí orúkọ obìnrin yìí. Kò san owó kankan. Ọjọ́ tí wọ́n yí i pa dà kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà ìkìlọ̀.

Nígbà tí ó gbé ìwé ọkọ̀ náà lé orí tábìlì mi, inú rẹ̀ dùn sí i; ohun kan ṣoṣo tó fi í lọ́kàn balẹ̀ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà ni. Mo ní kó jókòó dáadáa.

Ó yẹ kí àwa tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí mọ bí àwọn olówó, ìyẹn àwọn tí a jẹ lówó, ṣe ń ronú. Ẹni tó jẹ gbèsè, tó wá fi ohun ìní ta ẹlòmíràn lọ́rẹ kí olówó má baà rí i mú, olówó lè lọ sílé ẹjọ́ pé kí wọ́n má ka ọrẹ náà sí. Àwọn agbẹjọ́rò ń pè é ní action paulienne. Ti ọkọ̀ ṣì kéré. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: bí wọ́n bá ti rí i pé ọkọ̀ ọkọ wà lórúkọ ìyàwó lọ́fẹ̀ẹ́, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè nípa fírísà, wọn yóò bèèrè nípa ilẹ̀ Adjarra. Ìlẹ̀kẹ̀ tí obìnrin yìí fi ọdún mẹ́sàn-án sín, okùn ẹlòmíràn ni wọ́n fẹ́ fi so ó. Ẹ̀rí tó ní pé òun mọ́, ọkọ̀ yẹn nìkan ló lè bà á jẹ́.

Mo ní kí wọ́n dá a padà sí orúkọ ọkọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ bínú wá bá mi fúnra rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ kí ìjọba wá wọ́ ọkọ̀ lọ níṣojú wa ni?”

Mo ní rárá o, mo fẹ́ kí àbúrò yín tà á fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ọkọ̀ tí ẹni tó ni ín bá tà ní ọjà, tó dúró jẹ́jẹ́ wo ẹni tó lówó lọ́wọ́, kì í lọ ní iye kan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n tà ní gbàǹjo lẹ́yìn tí wọ́n ti gbà á. Ó dákẹ́. Òun náà ti ń ta ọkọ̀ àlòkù rí, ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Wọ́n yí carte grise padà, wọ́n sì tà á ní 1,900,000. Gbogbo owó náà wọ owó orí lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á, wọ́n sì mú ìwé ẹ̀rí bọ̀.

Ọ̀rọ̀ mairie ló kàn. Mo bèèrè irú ètò ohun ìní tí wọ́n yàn nínú ìwé tí wọ́n kún. Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀rẹ́ ọkọ kan tó bá wọn kún ìwé náà ló fàmì sí communauté, ìyẹn kí ohun ìní àwọn méjèèjì di ọ̀kan, pé ẹni tó bá fẹ́ràn ara wọn kì í pín ẹrù. Ó wù mí kí n rẹ́rìn-ín. Òfin ẹbí ilẹ̀ wa, èyí tó ní nọ́ńbà 2002-07, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹjọ 2004, ti fi tọkọtaya tí kò bá yan nǹkan kan sínú séparation de biens: ohun tí oníkálukú ní jẹ́ tirẹ̀, gbèsè tí oníkálukú dá jẹ́ tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo, ìbá sàn fún wọn. Lábẹ́ communauté, ohun tí obìnrin yìí bá fi òwò ẹja rẹ̀ kó jọ lẹ́yìn ìgbéyàwó yóò wọ inú apẹ̀rẹ̀ kan náà pẹ̀lú ti ọkọ, àwọn tí ọkọ jẹ lówó yóò sì máa wo apẹ̀rẹ̀ náà.

Mo sọ fún àbúrò bàbá rẹ̀ náà pé kò sí òfin tó ní gbèsè òwò ọkọ di ti ìyàwó lábẹ́ séparation. Èyí tó kan àwọn méjèèjì ni gbèsè ilé: oúnjẹ, owó ilé, owó iléèwé ọmọ. TVA símẹ́ǹtì kò sí lára rẹ̀. Kò gbà mí gbọ́ tán, ṣùgbọ́n kò tún dá sí i mọ́. Ìdána pàápàá, bí a ti ń bọ̀wọ̀ fún un tó, kì í bí ètò ohun ìní kankan lójú òfin. Iwájú òṣìṣẹ́ mairie lọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n tún ìwé náà kún. Mo sì ní kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ notaire kí wọ́n kọ ìwé àdéhùn ìgbéyàwó. Ẹnì kan lè ní kí ni wọ́n tún ń wá lọ síbẹ̀, nígbà tí òfin ti fún wọn ní séparation lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ni. Òfin lè sọ pé ohun tìrẹ jẹ́ tìrẹ. Kò ní bá ọ sọ fún ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pé tìrẹ ni fírísà yìí. Ohun tí a fẹ́ gan-an lọ́wọ́ notaire ni àkójọ ẹrù tí a ó lẹ̀ mọ́ àdéhùn náà, tí ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ kò ní ṣeé jiyàn, tó sì ṣáájú ìgbéyàwó.

Ọjọ́ tí a ṣe àkójọ yẹn gùn. Nọ́ńbà ara fírísà máa ń wà lẹ́yìn, nísàlẹ̀, níbi tí omi ẹja ń sun sí. Ti àkọ́kọ́ hàn. Ti èkejì, ìpẹ́ àti ìpẹtà ti bò ó. Ọmọṣẹ́ fi ọ̀bẹ ẹja ha á díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ó ń pe nọ́ńbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ ọ́. Àwọn méjì yìí ní facture, ìwé ẹ̀rí ọjà tí a rà, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ facture normalisée, irú èyí tí ìjọba fọwọ́ sí, tó ní àmì QR, èyí tí owó orí fúnra wọn lè yẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀kẹta, àlòkù ni, láti Kútọnu, kò ní ìwé kankan. A wá ẹni tó tà á kàn, ó fọwọ́ sí ìwé kan níwájú ẹlẹ́rìí méjì. Kò lágbára tó facture, ṣùgbọ́n ó sàn ju ẹnu lásán lọ. A kọ ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ sí i, àwọn ìwọ̀n, àga ṣọ́ọ̀bù, wúrà ọrùn rẹ̀. Ó fẹ́ yọ wúrà kúrò nítorí pé ojú ń tì í láti kọ ọ́ níṣojú ọkọ. Ọkọ ló ní kó kọ ọ́.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n gbé ìwé náà lọ fún enregistrement, ìyẹn ìforúkọsílẹ̀ ìwé lọ́dọ̀ ìjọba, kí ó lè ní ọjọ́ tó dájú. Abẹ́ ilé iṣẹ́ owó orí náà ni enregistrement wà. Nígbà tí ìyàwó gbọ́ pé ilé tó ń lé ọkọ òun kiri ni yóò tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé tó máa gba ẹrù òun sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn. Òǹtẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ fúnra wọn ni wọn kò lè jiyàn rẹ̀.

Ti ilẹ̀ Adjarra, convention de vente, ìwé àdéhùn ìtajà ilẹ̀, tí mairie fọwọ́ sí ló ní. Ó dára, àmọ́ òfin ilẹ̀ ti 2013, bí wọ́n ṣe tún un ṣe ní 2017, ti fi titre foncier, ìwé ìní ilẹ̀, ṣe òpin àríyànjiyàn lórí ilẹ̀, nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a lọ́dọ̀ ANDF, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Kò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ títí ìgbéyàwó fi kọjá. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ọjọ́ tó wà lórí convention náà ti pẹ́ ju ìfẹ́ wọn lọ.

Títí dé ibí yìí, ẹrù ìyàwó la ń tọ́jú. Gbèsè fúnra rẹ̀ kò tíì ní ojútùú, bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbèsè tó wà nílẹ̀ láìsí ètò ni ó máa ń wá ojúlé kiri. Mo bá ọkọ lọ sí ilé iṣẹ́ owó orí, ìyàwó sì tẹ̀ lé wa. Mi ò gbà láti ṣe é lẹ́yìn ọkọ, mi ò sì gbà kí ọkọ dá lọ. Àwọn kan lára wa máa ń gba ìyàwó nímọ̀ràn ní kọ̀rọ̀, pé ààbò tirẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ wọn. Ibi tí mo ti rí irú rẹ̀, ìgbéyàwó náà kì í pẹ́ tú, ẹrù náà á sì di ẹjọ́.

Òṣìṣẹ́ tó gbà wá jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó tẹ IFU, ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí wa. Ohun tí ọkọ ń pè ní gbèsè kan ṣoṣo wá pín sí ọ̀nà mẹ́ta lójú wa: TVA tó gbà tí kò san, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn; owó tí wọ́n fojú díwọ̀n fún àwọn ọdún tí kò tajà; àti ìtanràn. Mo ní kó lọ wá gbogbo ohun tó lè fi hàn pé ó ti ṣíwọ́. Ó mú lẹ́tà tí onílé ṣọ́ọ̀bù fi gba kọ́kọ́rọ́ wá, ó mú ìwé pé wọ́n ti gé iná, ó mú ìwé ilé ìfowópamọ́ tí kò ní ohun tó wọlé. A fi wọ́n kọ ìwé àròyé. Ó pẹ́ kó tó jáde, ṣùgbọ́n ó jáde: wọ́n yọ 1,640,000 kúrò. Bí a bá tún yọ owó bâchée, ó ku 2,330,000. Lórí ìtanràn, a kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n dárí 410,000 jì í. Mo gbà pé owó ọkọ̀ tó kọ́kọ́ wọlé láìsí ẹni tó fipá gbà á ló jẹ́ kí wọ́n fetí sí ẹ̀bẹ̀ yẹn.

1,920,000 ló kù. Wọ́n gbà kó máa san 120,000 lóṣù fún oṣù mẹ́rìndínlógún. Wọ́n wá bèèrè ohun tí yóò fi dúró.

Ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú gbogbo iṣẹ́ wa ká nìyẹn. Ọkọ wo ìyàwó. Kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ohun tó ń rò: ilẹ̀ Adjarra. Ìyàwó ti ń ṣí ẹnu. Mo ní kí ó jọ̀ọ́, kó jẹ́ ká jáde síta díẹ̀. Àdéhùn notaire, àkójọ ẹrù, séparation, gbogbo rẹ̀ kò ní wúlò mọ́ fún ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sí ìwé onídùúró. Láti ìgbà náà lọ, gbèsè náà ti di tirẹ̀, òfin kò sì ní bi í léèrè bóyá ìfẹ́ ló mú un ṣe é. Mo sọ ọ́ fún àwọn méjèèjì lábẹ́ igi tó wà níwájú ilé náà, mi ò fi ọ̀rọ̀ kankan bora. Ọkọ ní òun kò tíì bèèrè. Ìyàwó ní, “Ojú yín bèèrè.”

Ẹ̀gbọ́n ọkọ ló dúró fún un níkẹyìn, ọkùnrin kan náà tó ní kí wọ́n kó ẹrù pamọ́. Ó fi ìwé owó oṣù rẹ̀ sílẹ̀. Mi ò mọ ohun tó yí i lọ́kàn padà, mi ò sì bi í.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní mairie ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, wọ́n sì jẹun dáadáa. Kí ọjọ́ náà tó pé, mo ní kí àwọn méjèèjì ṣe ohun mẹ́ta kan: kí ọkọ mú àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù ìyàwó kúrò nínú IFU rẹ̀, kí ìyàwó yí síìmù MoMo rẹ̀ (èyí tí a fi ń fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù) sí orúkọ ara rẹ̀, nítorí káàdì ìdánimọ̀ ọkọ ni wọ́n fi gbà á nígbà tí wọ́n ṣì ń fẹ́ ara wọn, kí ó sì ṣí àpamọ́ tirẹ̀ sí ilé ìfowópamọ́. Wọ́n ṣe méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta, ìyàwó ní lẹ́yìn ọdún Iléyá.

Oṣù márùn-ún ni ọkọ fi san déédé. Òjò wá dé, iṣẹ́ ìkọ́lé dáwọ́ dúró, ó fo oṣù méjì, kò sì lọ sọ fún ẹnikẹ́ni, irú ohun tó ṣe ní 2019 gẹ́lẹ́. Aṣojú owó orí dé ilé tí wọ́n ń gbé pẹ̀lú ìwé àṣẹ, ó ń kọ ẹrù sílẹ̀. Orúkọ ọkọ ló wà nínú ìwé ilé. Ohun tó bá wà nílé onígbèsè, ti onígbèsè ni wọ́n kọ́kọ́ máa kà á sí, ẹni tó bá ní ti òun ni ló gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá. Fírísà kan wà níbẹ̀ tí ìyàwó gbé wálé, ẹ̀rọ ìránṣọ wà níbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀, àti ẹ̀rọ amúnáwá kan tí ó rà lẹ́yìn ìgbéyàwó.

Kò pariwo. Ó wọlé lọ mú àkójọ ẹrù jáde, ó gbé fìtílà fóònù sẹ́yìn fírísà kí ọkùnrin náà lè ka nọ́ńbà. Ó bá a mu. Òfin OHADA, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó jọ ń lo òfin òwò kan náà, lórí ìgbẹ́sẹ̀lé, ti 1998 tó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà kí wọ́n tó tún un ṣe ní 2023, gbà kí ẹni tó ni ohun kan gbà á padà kúrò lára ohun tí wọ́n fi gbẹ́sẹ̀ lé nítorí gbèsè ẹlòmíràn, bí ó bá lè fi hàn pé tirẹ̀ ni. A kò tilẹ̀ dé ilé ẹjọ́. A kọ lẹ́tà, a fi àkójọ tó lóǹtẹ̀ àti facture sí i, wọ́n yọ fírísà àti ẹ̀rọ ìránṣọ kúrò. Tẹlifíṣọ̀n jẹ́ ti ọkọ. Ẹ̀rọ amúnáwá kò kúrò. Owó ìyàwó ló rà á, gbogbo ilé mọ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ọ̀nà ló ti rà á láìgba ìwé, nítorí pé ẹni tó tà á yọ díẹ̀ nínú iye rẹ̀ fún un.

Èyí tó dùn ún jù kò sí nílé. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, owó orí ránṣẹ́ sí ilé ìfowópamọ́ ọkọ, ohun tí wọ́n ń pè ní avis à tiers détenteur: kí ẹni tí owó onígbèsè bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ san án fún ìjọba. 640,000 ló wà nínú àpamọ́ náà, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ owó tí ìyàwó fẹ́ fi ra adìyẹ yìnyín fún ìparí ọdún. Ó kó o síbẹ̀ nítorí pé wọ́n ti já ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò rẹ̀ lọ́jà, àpamọ́ tirẹ̀ kò sì tíì sí. A kó gbogbo iṣẹ́ MoMo tó fi owó náà ránṣẹ́ jọ, a kọ lẹ́tà. Èsì wọn kúrú. Fírísà ní nọ́ńbà lára. Owó kò ní. Ìgbà tó ti wọ àpamọ́ tó jẹ́ orúkọ ọkọ, tòun ti ti ọkọ ti di ọ̀kan, ìwé iṣẹ́ MoMo kàn ń fi hàn pé ó fún un ni. Agbẹjọ́rò tí a bi kò fún wa ní ìrètí. Ìyàwó ṣí àpamọ́ tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

640,000 náà ṣáà wọ inú gbèsè. Ó ku 680,000, oṣù tó fò ti kún, wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹrù tó kù nílé, ètò ìsanwó sì bẹ̀rẹ̀ padà. Ọkọ fọwọ́ sí ìwé pé òun jẹ ìyàwó òun ní 640,000, ó sì ń san 20,000 fún un lóṣù. Ìyàwó ń kọ ìwé ẹ̀rí fún un, wọ́n jọ ń fọwọ́ sí i. Ìyá ọkọ gbọ́, ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí, ìyàwó tó ń fún ọkọ ní ìwé ìsanwó. Ọkọ ló dá a lóhùn pé kí ìyá òun fi wọ́n sílẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí tọkọtaya ọ̀la bá wá sọ́dọ̀ mi, IFU àwọn méjèèjì ni mo kọ́kọ́ ń bèèrè, pé kí oníkálukú tẹ ipò rẹ̀ jáde lọ́dọ̀ owó orí kí a jọ wò ó, kí a tó sọ̀rọ̀ notaire rárá. Àwọn kan ń bínú pé mo ń fura sí ọkọ. Mo máa ń ní kí ìyàwó kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ń bèèrè orúkọ tó wà lórí síìmù, lórí ìwé ilé, àti lórí àpamọ́ tí owó òwò ń wọ̀. Àdéhùn ìgbéyàwó ló máa ń gbẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi í ṣíwájú, wọ́n á sanwó notaire tán, wọ́n á máa da owó pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà nílẹ̀. Titre foncier ilẹ̀ Adjarra ti jáde ní orúkọ ìyàwó, wọ́n sì fẹ́ kọ́lé síbẹ̀. Ọkọ fẹ́ máa ra símẹ́ǹtì. Notaire ní kó ní sùúrù: ilé tí wọ́n bá kọ́ sórí ilẹ̀ ìyàwó yóò tẹ̀ lé ilẹ̀ náà, níwọ̀n ìgbà tí gbèsè owó orí bá sì ṣì wà lọ́rùn ọkọ, gbogbo àpò símẹ́ǹtì tó bá gbé lọ síbẹ̀ yóò dà bíi bâchée ọjọ́sí. Wọ́n wá fi ẹnu kò pé ọkọ ni yóò máa san owó ilé tí wọ́n ń gbé àti owó oúnjẹ, ìyàwó ni yóò máa san owó birikilà láti inú àpamọ́ tirẹ̀, títí ìsanwó tó gbẹ̀yìn yóò fi wọ owó orí. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn yóò padà lọ bá notaire láti kọ ohun tí ọkọ bá fẹ́ fi sí i, yálà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn tàbí gẹ́gẹ́ bí owó tó yá ìyàwó rẹ̀. Wọn kò tíì fẹnu kò lórí èyí tí yóò jẹ́.